Fàráńdà Kì Í Ṣe Ẹnu-Ọ̀nà Olè

Ọmọkùnrin wẹ́dà tí lánlọ́ọ̀dù rán sí mi ti na tépù rẹ̀ láti òpó dé òpó kí n tó wẹ̀ tán. Mo bá a lórí fàráńdà òkè, pẹ́ńsù wà létí rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ mà. A ó gbé irin láti ìsàlẹ̀ dé àjà, a ó fi gíláàsì dí iwájú rẹ̀. Ẹ lè wá sọ ibẹ̀ di sítọ̀." Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé mo ń wá sítọ̀. Ọmọ Ìwó ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ má bínú mà. Gbogbo Old GRA ló ti dí tiwọn. Bàlíkónì ò bóde mu mọ́."

Gbólóhùn yẹn ló sú mi. Lánlọ́ọ̀dù ń wí i, éjẹ́ǹtì ń wí i, àbúrò ọkọ mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn wí i kó tó bu omi mu. Ní ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Port Harcourt níbí, bí ẹnì kan bá ń ròyìn ilé tó ń kọ́, ohun tó fi ń yangàn ni pé kò sí ẹni tó lè rí òun láti ìta. À ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí, nítòsí Forces Avenue, mo sì ti ń wò bí wọ́n ṣe ń dí fàráńdà àdúgbò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pa ojú òkú dé.

N kò ní pè wọ́n ní òmùgọ̀. Ẹni tó bá gbé ìlú yìí láàárín 2006 sí 2009 mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìbẹ̀rù. Àwọn ọmọ inú kíríìkì ń jí òṣìṣẹ́ epo gbé, àti funfun àti dúdú. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 2007, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìta ń yìnbọn mọ́ra wọn láàárín ìlú títí ìjọba fi kó sójà jáde, tí wọ́n sì fòfin kónílé-ó-gbélé de gbogbo wa. Oṣù kẹfà 2009 ni Ààrẹ Yar'Adua tó kéde ìdáríjì fún àwọn ajìjàgbara. Ẹni tó fi irin dí ojú ilé rẹ̀ lásìkò yẹn, ta ni yóò bá a wí? Lẹ́yìn ti olè, wọ́n ní ti àṣírí wà ńbẹ̀: kí ló dé tí aládùúgbò yóò fi máa rí ẹni bí ó ti ń mu gaàrí? Wọ́n ní ti sọ́ọ̀tì ńkọ́, èéfín dúdú tó ń rọ̀ sórí aṣọ tí a sá? Wọ́n ní ibi tí a dí pa lè di yàrá, yàrá sì ń di owó. Àwọn tó mọ̀wé nínú wọn á wá fi ọmọrí dé e: fàráńdà kì í ṣe tiwa, òyìnbó ló gbé e wá, ẹ jẹ́ kó bá òyìnbó lọ.

Ẹjọ́ wọn nìyẹn, mi ò bù ú kù. Kò sí ọ̀kan tó dúró nínú rẹ̀.

Òwe tí wọ́n máa ń pa jù ni pé bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Wọ́n á wá nawọ́ sí fàráńdà mi pé ibi tí ògiri ti lanu nìyẹn. Ṣé ọ̀rọ̀ bíríkì ni àwọn àgbà ń sọ ni? Ará ilé ni wọ́n ń sọ: dírẹ́bà tó mọ ọjọ́ tí owó wọlé, ọmọ iṣẹ́ tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń sùn, ìbátan tí a lé jáde pẹ̀lú ìbínú. Òwe kejì tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jórin kì í rántí ìyẹn. Irin wo la fẹ́ jó mọ́ ẹnu dírẹ́bà?

Ẹ sì jẹ́ ká rántí ọdún ìjínigbé yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbé, inú ọkọ̀ lójú títì ni wọ́n ti gbé wọn, nílé ọtí, lórí ọkọ̀ ojú omi, níbi iṣẹ́ epo. Ta lẹ gbọ́ pé wọ́n fi okùn fà sọ̀kalẹ̀ láti orí àga fàráńdà? Ẹ̀rù wá láti ojú títì, àwa sì lọ fìyà jẹ ojú ilé. Ohun tó yẹ ká ṣe ni pé kí ojú pọ̀ lójú títì. Ohun tí a ṣe ni pé a kó gbogbo ojú kúrò ńbẹ̀.

Nítorí ohun tí olè ń sá fún kì í ṣe irin. Irin ní ohun tí wọ́n fi ń gé e. Ọmọ Ìwó tó bá lè jó o mọ bí wọ́n ṣe ń gé e. Ojú lolè ń sá fún. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Jane Jacobs, tó ń gbé ní Hudson Street ní New York, ti kọ èyí sínú ìwé ní 1961: ohun tó ń dáàbò bo àdúgbò ju ọlọ́pàá lọ ni àwọn ènìyàn lásán tó ń wo títì láti ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà wọn, láìsí pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́. Ìyá tó ń ta bọ̀lì àti ẹja ní ìkóríta wa kò ka ìwé yẹn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Abẹ́ fàráńdà mi ló gbé ààrò rẹ̀ sí. Mo bi í nígbà kan pé ṣé nítorí òjìji ni. Ó ní rárá, nítorí èmi ni.

Ẹ wá jáde ní aago méje ààbọ̀ alẹ́ kí ẹ rìn láti etí ilé ìwòsàn Harley Street, èyí tí gbogbo ayé ṣì ń pè ní BMH, wọnú àdúgbò. Ògiri. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Géètì dúdú. Ògiri mìíràn. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ògiri bí ẹranko tí wọ́n tì mọ́lé. Máígádì wà, àbí? Ó wà, ṣùgbọ́n inú ni wọ́n ní kó jókòó sí, ó kọ ẹ̀yìn sí títì, ó ń wo fóònù. Bí wọ́n bá já báàgì gbà lọ́wọ́ ọmọ yín lójú títì yẹn, ta ni yóò rí i? Ta ni yóò pariwo? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà ni gbogbo ilé yẹn ná lórí irin, kò sì sí ojú ènìyàn kan ṣoṣo tí owó náà rà.

Mo rí tèmi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, mo ń ṣa ẹ̀gúsí, ni mo rí i tí èéfín ń yọ lẹ́yìn ilé tó kọjú sí tiwa. Jẹnẹrétọ̀ wọn ló gbiná. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Tọkọtìyàwó ilé náà wà lókè, wọ́n ti gbogbo fèrèsé, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, tẹlifíṣàn ń sọ̀rọ̀. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n gbọ́, èéfín ti dí àtẹ̀gùn. Wọ́n sáré síbi fàráńdà. Irin láti ìsàlẹ̀ dé àjà, agádágodo lẹ́nu rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ agádágodo nínú báàgì ìyàwó, báàgì nínú ọkọ̀. Mo rí ọwọ́ wọn lára irin náà. Máígádì ẹnu géètì wa àti ẹni tó ń ta káàdì fóònù ni wọ́n fi iyanrìn pa iná náà. Ẹ̀mí kankan kò bọ́, Ọlọ́run ló ṣe é. Lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ pe bíríkìlà. Ògiri ló ní kí wọ́n fi bíríkì ìlà méjì gbé sókè sí i.

Ẹ̀yin tó ní fàráńdà kì í ṣe tiwa, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn òyìnbó tí ẹ ń tọ́ka sí fún yín. Ní 1912 ni wọ́n yan etí omi yìí láti máa gba ibẹ̀ kó èédú Enugu jáde. Ní 1913 wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Diobu àti Okrika, wọ́n sì fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tó ń ṣàkóso ilẹ̀ àmúsìn, pe ìlú tí wọ́n ń tẹ̀ dó. Ibi tí à ń pè ní Old GRA lónìí ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó. Lugard, òyìnbó tó ń ṣàkóso Nàìjíríà nígbà náà, kò fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n: ó ní kí àlàfo tó tó yáàdì 440 wà láàárín ibùgbé òyìnbó àti ibùgbé ọmọ ìbílẹ̀, nítorí ẹ̀fọn, nítorí iná, nítorí ariwo. Òfin ìlú ti 1917 sì fi òǹtẹ̀ lu irú ìpínyà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé tí wọ́n wá kọ́ sẹ́yìn àlàfo náà. Fàráńdà yí i ká, ó jìn, ó ní òjìji. Òjò tó lé ní mìlímítà 2,000 ń rọ̀ ní ìlú yìí lọ́dọọdún, oòrùn rẹ̀ sì ń jó ògiri. Fàráńdà ni kò jẹ́ kí oòrùn kan ògiri yàrá, òun ni kò jẹ́ kí a ti fèrèsé nígbà tí òjò bá ń rọ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ dí i pa tí ẹ sì ń ké lórí owó iná, ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti ké wàyí.) Ibẹ̀ ni òyìnbó ti ń mu ọtí ìrọ̀lẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń dá ẹlẹ́bẹ̀ lóhùn. Ẹni tó fi yáàdì 440 sá fún wa ṣì mọ̀ pé ilé gbọ́dọ̀ ní ibi tí a ti ń pàdé ẹni tí kì í ṣe ará ilé. Àwa ńkọ́? A gba ilé lọ́wọ́ wọn tán, a sọ fàráńdà nù, a wá gbé yáàdì 440 kalẹ̀ sí ẹnu géètì olúkúlùkù. Ta ló wá ń ṣe bí òyìnbó nínú èmi tí mo jókòó síta àti ẹ̀yin?

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, fàráńdà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ni ín. Ẹnu àwọn ará Íńdíà àti Pọtogí ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Àwa ní tiwa kí wọ́n tó dé. Kí ni wọ́n ń pè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀? Kí ni ìloro? Ta ló ń gba àlejò sí yàrá nínú agbo ilé? Nígbà tí Ògògà Ìkẹ̀rẹ̀ fẹ́ ṣe ààfin rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ láàárín 1910 sí 1914, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó fún, níbi tí ọba ti ń jókòó níwájú ará ìlú. Òpó fàráńdà yẹn wà ní Chicago lónìí, nínú ilé ọnà, àwọn ènìyàn ń sanwó láti wò ó. Àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì padà sí Èkó gbé tiwọn lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n fi irin oníṣẹ́ ọnà ṣe etí rẹ̀, kí ẹni tó wà lókè lè máa kí ẹni tó ń kọjá. Ilojo Bar ní Tinúbú jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, nǹkan bí 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016 wọ́n wó o lulẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe sí fàráńdà nìyẹn. Àwọn Ikwerre tó ni ilẹ̀ tí mo ń gbé yìí náà ní obiri, gbọ̀ngàn tí ẹbí ń pàdé sí. Gbogbo ẹni tó bá gba afárá Obiri Ikwerre kọjá ló ń dárúkọ rẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ sì má gbàgbé Gánà. Nígbà tí Nkrumah dá ẹgbẹ́ òṣèlú CPP sílẹ̀ ní 1949, àwọn ọ̀mọ̀wé àti olówó fi àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní ọmọ fàráńdà, nítorí pé wọn ò nílé, fàráńdà onílé ni wọ́n ń sùn sí. Ní 1951 àwọn ọmọ fàráńdà wọlé ìbò. Mo ń sọ ọ́ nítorí ẹni tó rò pé ìta ilé jẹ́ ibi tí nǹkan kan kì í ti í ṣẹlẹ̀.

Ó wá kan àṣírí, èyí tí wọ́n fi ń pa wá lẹ́nu mọ́. Ta ni kò fẹ́ kí àṣírí òun bò? Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọkùnrin kan mú ìwé ìgbéyàwó wá fún mi. Ó dúró nísàlẹ̀, ó kígbe, "Ẹ kú ilé o, Mọ́mì!" Mo na ọrùn, mo wọ ìró àná, irun mi ò tíì rí òòyà. "Ẹ kúuṣẹ́ o, ṣé àlàáfíà ni?" Ó ju ìwé náà sókè, mo gbá a mú, a bi ara wa léèrè ilé àti ọmọ, ó lọ. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò rí aṣọ tí mo kó jọ sórí àga, kò rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà lórí tábìlì, kò mọ ẹni tó sùn ní pálọ̀. Nígbà tó dé ilé kejì, géètì ni. Máígádì bi í lórúkọ, ó bi í níṣẹ́, ó pe inú ilé lórí fóònù, wọ́n ní kó wọlé. Wọ́n fi í jókòó sí pálọ̀, wọ́n gbé málítì fún un. Ó rí ohun gbogbo. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà tó ń padà lọ pé oúnjẹ alẹ́ wọn ò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀! Nínú ilé méjèèjì, ti ta ni àṣírí rẹ̀ bò?

Ilé tí kò ní ibi tí ó jẹ́ ìta, tí ó sì tún jẹ́ inú, ohun méjì péré ló lè fi ènìyàn ṣe: kó lé e, tàbí kó gbé e wọ yàrá. Fàráńdà ló fún wa ní ẹ̀kẹta. Àwọn tó ń dí i pa kò fi kún àṣírí wọn. Wọ́n ba ohun tó ń ṣọ́ ọ jẹ́.

Àṣírí kan sì wà tí kò yẹ kó bò. Lẹ́yìn ògiri gíga tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún, bí ọkọ bá ń lu ìyàwó, ta ni yóò gbọ́? Bí wọ́n bá fi irin gbígbóná jó ọmọ ọ̀dọ̀ lára, ta ni yóò rí i nígbà tó bá ń sá aṣọ tí kò lè gbé apá? Nínú ilé ọlọ́dẹ̀dẹ̀, àgbà kan yóò kọ́wọ́ sẹ́yìn wá, yóò ní, "Kí ló dé? Kí la gbọ́?" Mo ti ké láti orí fàráńdà yìí rí sí ilé kan, ní òru, pé, "Ẹ fi í sílẹ̀!" Wọ́n fi í sílẹ̀. Ọkọ náà kì í kí mi mọ́. Kó má kí mi.

Ti sọ́ọ̀tì ni kò tiẹ̀ yẹ kí wọ́n dárúkọ. Ní ìparí 2016, ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀run Port Harcourt ń ṣe wá níṣẹ́ ibi? Èmi mọ̀ láti ara irin fàráńdà mi. Mo nù ún lálẹ́. Nígbà tí mo gbọ́wọ́ lé e láàárọ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo pe obìnrin Kalabari tó wà ní fàráńdà ẹ̀gbẹ́ wa, ó na tirẹ̀ sókè, tirẹ̀ náà dúdú. A mọ̀ kí rédíò tó sọ. Àwọn tó ti dí tiwọn pa ṣèèṣì rí i nígbà tí wọ́n fọn ikun. Ṣé gíláàsì dí sọ́ọ̀tì lọ́nà ni? Ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń gba nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ amúlétutù ń fà á wọlé. Nígbà tí àwọn ará ìlú jáde wọ́de ní 2018, kì í ṣe ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Èéfín àwọn tó ń se epo lọ́nà àìtọ́ kò ní lọ nítorí pé a dijú.

Obìnrin Kalabari yẹn náà ni a jọ fara da oṣù karùn-ún 2020, nígbà tí Gómìnà Wike ti Port Harcourt àti Obio/Akpor pa nítorí kòrónà. Àwọn ará Ítálì ti ń kọrin lórí fàráńdà wọn láti oṣù kẹta, gbogbo ayé ń wò wọ́n lórí fóònù, ó ń wú wọn lórí. Àwa méjèèjì ò kọrin. Ó kọ́ mi láti ka oókan dé ogún ní Kalabari, mo kọ́ ọ ní ti Yorùbá, a ń sọ ọ́ síra wa láti fàráńdà sí fàráńdà ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ń pe ẹ̀rìndínlógún bí ẹni ń jẹ iṣu gbígbóná. Àwọn ilé onírin tó yí wa ká dákẹ́. Mi ò mọ ẹni tó kú tàbí tó bímọ níbẹ̀ títí ìlú fi ṣí.

Nítorí náà, ohun tí mo wí fún ọmọ Ìwó náà ni mò ń wí fún ẹ̀yin náà. Fàráńdà tó kọjú sí títì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ara ilé, kì í ṣe àṣẹ́kù òyìnbó, kì í ṣe yàrá tí ẹnì kan gbàgbé láti parí. Òun ló ń sọ ilé di ilé láàárín ilé. Ẹni tó bá dí i pa kò lé olè, kò bo àṣírí, kò dènà èéfín; ó fọ́ ojú ara rẹ̀, ó sì fọ́ ti àdúgbò mọ́ ọn. Ẹ gé irin yẹn kúrò. Ẹ yọ gíláàsì. Ẹ gbé àga síta.

Ọmọ náà ká tépù rẹ̀. Ó ní kí ni òun yóò sọ fún lánlọ́ọ̀dù. Mo ní kó sọ pé mo wà lórí fàráńdà, kó wá bá mi níbẹ̀.